Robert Koch àti Kòkòrò Tí Ojú Kò Rí

Àwọn àgbà a máa wí pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí oníṣègùn tó lè wo àìsàn, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ó jẹ́. Ara lè gbóná fún ẹni méjì lọ́jọ́ kan náà, kí ohun tí ó fa ti ọ̀kan má sì jẹ́ ohun tí ó fa ti èkejì. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fi ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó la ọ̀nà yìí fún aráyé ni Robert Koch.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1843 ni a bí i ní Clausthal, ìlú àwọn awakùsà ní ilẹ̀ Jámánì. Òun ni ẹ̀kẹta nínú ọmọ mẹ́tàlá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Göttingen, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1866. Ní ọdún 1872 ó di dókítà ìjọba ní Wöllstein, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ilẹ̀ Pólándì lónìí. Kò ní yàrá ìwádìí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan nítòsí tí ó lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ní ni maikirosíkóòpù, awò tí í sọ ohun bíńtín di ńlá, èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Ó pín yàrá tí ó ti ń rí àwọn aláìsàn sí méjì, ó sì sọ apá kan di ibi ìwádìí.

Ní àkókò náà àrùn kan tí a ń pè ní áńtíráàsì ń pa àgùntàn àti màlúù àwọn àgbẹ̀, a sì máa pa ènìyàn pẹ̀lú. Àwọn kan ti rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran tí àrùn náà pa, ṣùgbọ́n kò dá aráyé lójú pé òun ni ó fa ikú wọn. Koch mú díẹ̀ nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi í sí èkúté lára, èkúté kú. Ó mú nínú ti èkúté yìí, ó fi sí òmíràn lára. Ìyẹn náà kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ó fi dé orí ogún. Ó tún sin kòkòrò náà nínú omi inú ẹyinjú màlúù, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ wò ó bí ó ti ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1876 ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀mọ̀wé ní Breslau; wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n sì gbà.

Ní ọdún 1880 ìjọba pè é sí Berlin. Ibẹ̀ ni ó ti dojú kọ ikọ́ ife, àrùn tí ń pa bí ẹnì kan nínú ẹni méje ní ilẹ̀ náà nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé àrùn ìdílé ni. Kòkòrò rẹ̀ ṣòro rí púpọ̀, nítorí aró kì í tètè mú un. Ó sì ṣòro sìn, nítorí kì í dàgbà kíákíá. Koch pààrọ̀ aró, ó dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí ó fi rí i, tí ó sìn ín, tí ó sì fi í dá àrùn kan náà sílẹ̀ lára ẹranko. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní Berlin. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Íjíbítì àti Íńdíà láti wá kòkòrò onígbáméjì, ó sì rí i.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í ṣe kí ó má kọsẹ̀. Ní ọdún 1890 Koch kéde pé òun ti rí oògùn tí yóò ṣẹ́gun ikọ́ ife, kò sì kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fi ṣe é. Àwọn aláìsàn rọ́ wá sí Berlin láti ọ̀nà jíjìn. Kò pẹ́ tí ìrètí wọn fi di asán, tí àwọn mìíràn sì kú. Rudolf Virchow, àgbà nínú ìmọ̀ àrùn, yẹ òkú díẹ̀ nínú wọn wò, ó sì rí i pé oògùn náà kò pa kòkòrò. Ó dà bí ẹni pé ṣe ni ó tún ru àrùn náà sókè. Ọ̀nà tí Koch fúnra rẹ̀ fi kọ́ aráyé, pé kí a dán ohun wò dáadáa kí a tó sọ̀rọ̀, òun náà ni a fi mú àṣìṣe rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò ṣòfò. Àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé bí a bá fi díẹ̀ nínú oògùn yìí sí ara ẹni tí kòkòrò ikọ́ ife ti wọ̀, ojú ibẹ̀ a wú. Ohun tí kò lè wo àrùn sàn wá di ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1905 a fún Koch ní Ẹ̀bùn Nobel, ó sì kú ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1910. Títí di òní, a ṣì ń fi aró sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn láti wá kòkòrò tí ó kọ́kọ́ fi hàn wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí Koch fara balẹ̀, yàrá kékeré ní Wöllstein tó o láti yí ìmọ̀ ìṣègùn padà. Nígbà tí ó kánjú, gbogbo ọlá Berlin kò lè gbà á lọ́wọ́ àṣìṣe.