William Herschel: Onídùùrù tó rí ìkùukùu ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n tí òrùka rẹ̀ fara pamọ́ fún un

Iṣẹ́ dùùrù títẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni William Herschel ń ṣe jẹun nílùú Bath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Hanover ní Jámánì ni, ọdún 1738 ni wọ́n bí i. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìràwọ̀ ló kù tó ń wò. Fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ irin, tó ń dán an bíi dígí, tó fi ń ṣe awò ńlá, Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó rí Uranus lọ́dún 1781, Ọba George Kẹta ní kí wọ́n máa san £200 fún un lọ́dọọdún. Bó ṣe fi dùùrù sílẹ̀ nìyẹn.

Òun náà ló fi orúkọ plánẹ́ẹ̀tì pe àwọn ìkùukùu roboto kan, torí pé wọ́n jọ ọ́. Àṣìpè gbáà ni, ìràwọ̀ tó ti darúgbó ló ń tú wọn síta, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún kò kúrò lára wọn mọ́.

Ohun tí Herschel gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run tí kì í ṣe ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Òru ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún 1790 ló tú u lójú. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló rí, tí ìmọ́lẹ̀ bíi kùrukùru yí i ká. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yí i ká, a jẹ́ pé èyí tó wà láàárín ti tóbi kọjá àlà. Ó gbà pé òun ti ṣìnà, ó sì kọ ọ́ jáde fáyé rí. Ẹni tó ti lókìkí tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣe irú rẹ̀.

Lọ́dún 1800, ó fi dígí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó gbé tẹmọ́mítà sínú wọn. Èyí tó wà lẹ́yìn àwọ̀ pupa, níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan, ló gbóná jù. Ìtànṣán tí ojú kò rí ló ṣàwárí yẹn.

Kò sọ́nà tó lè gbà fi ìtànṣán yìí wo ìkùukùu ti ọdún 1790. Ó kú ní Slough lọ́jọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1822, lẹ́ni ọdún 83.

Ọdún 2010 ni awò WISE ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń fi irú ìtànṣán yẹn wòran láti òfuurufú, tó rí òrùka eruku ńláńlá méjì tó yí ìkùukùu kan náà ká, èyí tí wọ́n ń pè ní NGC 1514. Awò lásán kò rí wọn rí. Fọ́tò tí awò James Webb yà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2025, tún fi wọ́n hàn kedere sí i. Ìràwọ̀ kan tí Herschel sì rí láàárín rẹ̀ yẹn, méjì ni. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan.