JOE DAVIS, Ọ̀TA SÍNÚKÀ ÀGBÁYÉ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Òwe yìí ni a ó fi wọ inú ìtàn ọkùnrin tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí. 

Ta ni kò mọ tábìlì aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa? Sínúkà ni gbogbo wa ń pè é. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé púùlù ni, kì í ṣe sínúkà. A kò sọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ púùlù tí àwọn bàbá wa máa ń ta lórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Púùlù orí tábìlì ni à ń wí, èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ 15 tí nọ́ńbà sì wà lára wọn. Ẹnì kan á mú àwọn tó ní ìlà, ẹnì kejì á mú àwọn tí kò ní, ẹni tó bá kó tirẹ̀ tán tó sì gbá dúdú tó jẹ́ nọ́ńbà 8 wọ ihò ló jẹ. Kí ẹni tó lọ ra gúgúrú tó padà dé, eré ti parí.

Sínúkà gan-an kò rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Bọ́ọ̀lù pupa 15 ló wà lórí rẹ̀, àti mẹ́fà tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, àti funfun tí ọ̀pá ń gbá. Pupa kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 1. Àwọn aláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2 títí dé 7 tó jẹ́ ti dúdú. Ẹni tó bá gbá pupa wọ ihò ló lẹ́tọ̀ọ́ sí aláwọ̀ kan. Wọn á sì dá aláwọ̀ náà padà sórí tábìlì títí pupa yóò fi tán. Eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń pè ní fíréèmù.

Ní sáà tó kọjá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Sínúkà oníkíákíá tí wọ́n ń pè ní Snooker Shoot Out, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ni wọ́n ń ṣe. Fíréèmù kan ṣoṣo ló ń parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 10. Ní ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni eléré ní láti gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn, ó di 10 péré. Aago ń ka, èrò ń pariwo. Àwọn kan nínú wa ní eré ọmọdé ni. Àwọn kan ní sínúkà ti àtijọ́ ló dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ewé tó ń hù. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a lọ wo ìgbésí ayé ẹni tó sọ eré yìí di ohun tó dà.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1901 ni wọ́n bí Joe Davis ní ìletò Whitwell, ní ìpínlẹ̀ Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá náà fi kùsà sílẹ̀, ó sì di onílé ọtí nítòsí ìlú Chesterfield. Tábìlì bílíádì wà nínú ilé ọtí náà, ibẹ̀ ni Joe ti fọwọ́ kan ọ̀pá. Ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran dáadáa, nítorí náà abẹ́ ojú òsì ló máa ń gbé ọ̀pá sí. Èyí kò dí i lọ́wọ́. Ó di ọ̀gá láàárín àwọn agbábílíádì Chesterfield nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13.

Ní àkókò yẹn, bílíádì ni ọba. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń gbá a. Sínúkà, tí àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Jubbulpore ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1875, kò ju eré ìpawọ́dà lọ, ohun tí wọ́n fi ń najú lẹ́yìn tí bílíádì bá parí. Tom Dennis, ẹni tó ní gbọ̀ngàn bílíádì ní Nottingham, kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ eré náà ní 1924 pé kí wọ́n dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi sínúkà jẹun. Wọ́n kò gbà. Ojú wọn ni pé àwọn ènìyàn kò ní sanwó láti wá wo irú eré bẹ́ẹ̀.

BÍ Ó ṢE DI Ọ̀TA

Joe kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun àti Bill Camkin tó ní gbọ̀ngàn ní Birmingham tẹpẹlẹ mọ́ ọn títí ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fi wáyé. Ní oṣù karùn-ún 1927, nínú gbọ̀ngàn Camkin, Joe na Tom Dennis kan náà ní fíréèmù 20 sí 11. Owó tó kàn án kò ju pọ́n-ùn 6 àti ṣílè 10 lọ. Ó ti forí tì í kí ojú ayé tó là sí i: ní 1931, ènìyàn méjì péré ló forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje náà, òun àti Dennis.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ọgbọ́n. Kí Joe tó dé, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù kan tàbí méjì wọ ihò á fi funfun pamọ́ fún ọ̀tá rẹ̀, á lọ jókòó. Joe ló kọ́ ayé pé kí ènìyàn tó gbá bọ́ọ̀lù, kí ó ti mọ ibi tí funfun yóò dúró sí fún èyí tó kàn, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ń rìn yí dúdú ká, ó ń kó máàkì jọ. Àkójọ máàkì tí ènìyàn kó láìdìde lórí tábìlì yìí ni wọ́n ń pè ní bíréèkì. Bí ọ̀ta ayò ṣe ń ka ọmọ inú ilé kí ó tó dà á, bẹ́ẹ̀ ni Joe ṣe ń ka tábìlì.

Ife ẹ̀yẹ àgbáyé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbà láàárín 1927 sí 1946, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù lọ ni àbúrò rẹ̀, Fred, tí wọ́n bí ní 1913. Ní 1940, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gbá a títí dé 37 sí 36 kí Joe tó borí. Láyé rẹ̀, Fred nìkan ṣoṣo ló na Joe nígbà tí wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì àfikún, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni, lẹ́yìn 1946 sì ni gbogbo rẹ̀.

ÌPÀKỌ́ ONÍPÀKỌ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 1932, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Joe kì í ṣe ọ̀gá sínúkà nìkan. Ó gba ife àgbáyé bílíádì pẹ̀lú ní 1928, 1929, 1930 àti 1932. Ní oṣù kìíní 1932, òun àti Walter Lindrum, ọmọ Ọsirélíà, pàdé ní gbọ̀ngàn Thurston's ní Lọ́ńdọ̀nù. Lindrum dìde sí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá. Ó gbá a fún bíi wákàtí mẹ́ta láìṣì, ó kó máàkì 4,137. Joe jókòó sórí àga, ó ń wò.

Ìjókòó yẹn kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọ̀gá ti mọ bílíádì dé ibi pé eré kò tán mọ́, ohun tí wọ́n sì ń tún ṣe kò yí padà. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Sínúkà, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ tí fíréèmù rẹ̀ sì ń parí, ló gba ipò bílíádì, Joe ló sì wà níwájú àwọn tó gbà á wọlé.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ilé tirẹ̀? Ní 1946, Joe àti Horace Lindrum, tó jẹ́ ìbátan Walter, ṣe àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Fíréèmù 145 ni wọ́n dá. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi gbá a, Joe borí ní 78 sí 67. Lẹ́yìn èyí ni ó kéde pé òun kò ní díje fún ife náà mọ́. Àmọ́ kò fi eré sílẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi eré náà jẹun, ó sì wà nínú àwọn tó gba Leicester Square Hall, gbọ̀ngàn tó gbajúmọ̀ jù, ní ìyálò. Ẹni tó bá gba ife lẹ́yìn rẹ̀, ojú ẹni tí kò tíì na Joe ni ayé fi ń wò ó. Ọba ti sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n adé ṣì wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 22, oṣù kìíní 1955 ni ó ṣe ohun ìyanu mìíràn. Nínú eré tó kẹ́yìn ní Leicester Square Hall, ó kó gbogbo tábìlì níwájú Willie Smith: pupa 15 pẹ̀lú dúdú 15, lẹ́yìn náà gbogbo aláwọ̀, àpapọ̀ máàkì 147. Ọdún 1957 ni àwọn aláṣẹ tó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní ọdún 1957 yìí kan náà ni ìdíje àgbáyé dáwọ́ dúró nítorí pé èrò kò wá mọ́. Ó di 1964 kí ó tó jí padà.

Joe wá oògùn sí i. Ní 1959, ó gbé eré tuntun jáde, ó pè é ní Snooker Plus. Ó fi bọ́ọ̀lù méjì kún àwọn ti tẹ́lẹ̀, olómi ọsàn tó jẹ́ máàkì 8 àti elésè-àlùkò tó jẹ́ 10, tí bíréèkì tó ga jù fi di 210. Kò gbérí. Àwọn ènìyàn ń sọ nípa ìṣe wọn pé oúnjẹ yìí ti pọ̀ jù, alásè ń bu ẹran kún un. Ẹni tó jókòó wo bí bílíádì ṣe kú ikú gígùn kò rí i pé àìsàn kan náà ló wà nínú ilé òun.

ÒPIN ÌRÌN ÀJÒ

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè OBE ní 1963, ó sì fi ọ̀pá kalẹ̀ ní 1964. Ohun tó gba eré rẹ̀ là kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ní 1969, BBC2 bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Pot Black láti fi dán àwọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n wò. Fíréèmù kan ṣoṣo ni, ó sì tán. Kò sí bọ́ọ̀lù tuntun, wọn kò yí òfin eré padà. Wọ́n kàn gé e kúrú ni. Àwọn tí kò mú ọ̀pá rí láyé bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ àwọn agbásínúkà.

Ní 1978, tẹlifíṣọ̀n gbé ìdíje àgbáyé jáde lójoojúmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti gbọ̀ngàn Crucible ní Sheffield. Fred, tó ti di ẹni ọdún 64, dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Joe wà níbẹ̀, ó ń wo àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń bá Perrie Mans ti South Africa fà á. Ibẹ̀ ni àìsàn ti kì í mọ́lẹ̀. Fred fìdí rẹmi ní 18 sí 16. Joe Davis jáde láyé ní ọjọ́ 10, oṣù keje, ọdún náà, lẹ́ni ọdún 77.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ní ti àríyànjiyàn wa, a rí i pé ẹ̀yìn méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fún ní ìṣẹ́jú àáyá 10 kì í ní àyè láti ronú. Ọgbọ́n tí Joe fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ló fi ń gbá a. Ọ̀ta ayò tó ń ta kíákíá ti kà á tán látàárọ̀. Bákan náà, eré gígùn kò kú: ọjọ́ méjì ni àṣekágbá ìdíje àgbáyé fi ń wáyé báyìí, fíréèmù 35 ló pọ̀ jù. Ẹ fi èyí wé 145. Kíkúrú ló ń pe àlejò wọlé, gígùn ló ń fi ẹni tó mọ̀ ọ́n hàn. Púùlù abẹ́ àtíbàbà wa náà, ẹnu ọ̀nà ni.

Ẹ̀kọ́ kejì kan ẹgbẹ́ wa gan-an. Ọdọọdún ni èrò ń dín kù níbi Ọjọ́ Yorùbá wa kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọdọọdún ni a sì ń fi ètò kún ètò kí wọ́n má baà lọ. Ijó méjì di mẹ́ta, alága mẹ́rin di mẹ́fà. Bọ́ọ̀lù olómi ọsàn àti elésè-àlùkò ni àwa náà ń tò sórí tábìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa lọ́dún yìí pé ètò wa ti gùn jù, ẹ má jẹ́ kí a bá a jà. Ìpàkọ́ wa ló ń bá wa wò. Ire o.