Andrew Foster, Adití tó Kọ́ Adití ní Ìwé

Ẹni tó bá ń gba ìkóríta Ojú Ore kọjá nírọ̀lẹ́ lè pàdé àwọn adití tí wọ́n ń fi ọwọ́ tàkúrọ̀sọ láàárín ariwo ọkọ̀. Èdè náà ní orírun, Olóògbé Andrew Foster sì wà nídìí rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn yírùnyírùn di etí rẹ̀. Lọ́dún 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití ní Washington.

Ó dé Ghana lọ́dún 1957, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Accra. Ní 1960, ọdún òmìnira wa, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Enugu àti Kaduna tẹ̀ lé e. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ lágbàáyé ló fẹ́ kí adití máa wo ètè nìkan, wọ́n sì ka lílo ọwọ́ léèwọ̀. Foster kọ̀ jálẹ̀. Àmì ọwọ́ tó kọ́ ní Amẹ́ríkà ló fi kọ́ àwọn ọmọ náà, ó sì sọ àwọn adití mìíràn di olùkọ́. Òótọ́ ni pé àmì tí àwọn adití wa ń lò nílé kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè nínú kíláàsì. Àríyànjiyàn lórí èyí kò tíì tán.

Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30. Ní oṣù Kejìlá 1987, ọkọ̀ òfuurufú tó wọ̀ já ní Rwanda, ibẹ̀ ni ọlọ́jọ́ dé bá a.