James Braidwood, Ọ̀gá Panápaná

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa nílé lóko, bí iná bá sọ ládùúgbò yín, ṣebí panápaná lẹ ó kọ́kọ́ bèèrè? Bí ẹni pé wọ́n ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi.

Edinburgh, nílẹ̀ Scotland, ni wọ́n ti bí James Braidwood lọ́dún 1800. Ọmọ ọdún 24 péré ni nígbà tí ìlú náà fi í ṣe olórí panápaná. Ẹ wo àwọn tó gbà síṣẹ́: káfíńtà, bíríkìlà, pulọ́ńbà, àwọn tó ń kan òrùlé. Ọgbọ́n ńlá! Ẹni tó ń gun òrùlé lójoojúmọ́, òòyì kò ní í kọ́ ọ lórí àkàbà; ẹni tó mọ ilé kọ́ á sì mọ ògiri tó fẹ́ wó. Ìdájí ló máa ń kó wọn jáde fún ìdánrawò, kí iṣẹ́ náà lè mọ́ wọn lára nínú òkùnkùn.

Wọn kò tíì fìdí múlẹ̀ tí iná ńlá fi sọ ní Edinburgh, loṣù kọkànlá ọdún 1824 yẹn náà. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi jó. Ẹ̀mí ṣòfò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé ò nílé mọ́. Ọ̀gá ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ jàre. Adájọ́ ń pàṣẹ, ìjòyè ìlú ń pàṣẹ, panápaná ò mọ ti ta ni kí òun gbọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbà pé níbi iná, olórí panápaná nìkan ló láṣẹ.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ọ̀kan ló ní panápaná tirẹ̀. Lọ́dún 1833 wọ́n pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì fi Braidwood ṣe ọ̀gá. Ọgọ́rin ọkùnrin, ibùdó 13, fún odidi Lọ́ńdọ̀nù! Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má dúró lójú títì máa da omi sí èéfín. Kí wọ́n wọlé lọ bá iná níbi tó ti ń jó gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọlé.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, 1861, iná sọ nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tooley Street, létí odò Thames. Òwú àti ọ̀rá kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ilẹ̀kùn onírin tí ì bá dá iná náà dúró, ṣíṣí ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ibi tí Braidwood ti ń tọ́jú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti rẹ̀, ni ògiri bá wó lù ú. Ó tó ọjọ́ méjì kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀ gbé jáde. Iná ṣì ń jó.

Èrò tó sin ín kì í ṣe kékeré. Nígbà tó yá, àwọn adójútòfò ní ẹrù náà ti wúwo jù fáwọn, kí ìjọba gbà á. Lọ́dún 1865 ni òfin rẹ̀ jáde, nígbà tó sì di 1866, panápaná Lọ́ńdọ̀nù di ti gbogbo ìlú, Eyre Massey Shaw sì di olórí wọn. Ẹ̀mí ọkùnrin yìí ti lọ kí wọ́n tó ṣe é.

Edinburgh náà ò gbàgbé rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́: ọdún 2008 ni wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró níbẹ̀.