Jane Addams: Obìnrin Tó Ṣí Ilẹ̀kùn fún Àwọn Ẹbí Àjèjì ní Chicago

 

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ilé ti wọ ìpàdé wa ní ẹ̀ka Chicago, ibi kan náà la máa ń há sí. Ta ni yóò bá wọn mójú tó ọmọ láàárín ìgbà tí súkúù bá parí sí ìgbà tí ìyá bá tibi iṣẹ́ dé? Àwọn kan ní ká dáwó fún wọn, kó tán síbẹ̀. Àwọn kan ní ká wá yàrá kan. Kí n tó sọ tèmi, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn obìnrin kan tó ti kú láti ọdún 1935, tó bá ọ̀rọ̀ yìí gan-an jìjàkadì ní Chicago kan náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1860 ni wọ́n bí Jane Addams ní Cedarville, ìletò kékeré kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Illinois. Bàbá rẹ̀ ní ilé ọlọ tí wọ́n ti ń lọ ọkà, ó sì tún jẹ́ séńátọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Ojúlùmọ̀ Abraham Lincoln ni. Ọmọ ọdún méjì ni Jane nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ní kékeré rẹ̀ náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un léegun ẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ó jáde ilé-ìwé ní Rockford lọ́dún 1881. Ọdún yẹn kan náà ni bàbá rẹ̀ kú. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Philadelphia, àmọ́ ẹ̀yìn tó ń dùn ún ò jẹ́ kó lè parí rẹ̀. Bó ṣe di ẹni tó lówó lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn, fún ọdún bíi mélòó kan. Lọ́dún 1888 ó dé Toynbee Hall ní ìlà oòrùn London, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti yunifásítì jáde ti lọ ń gbé láàárín àwọn tálákà. Ó rí i, ó sì mọ̀ pé òun náà á ṣe é.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1889 ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ellen Gates Starr, kó sí ilé ńlá kan ní òpópó Halsted. Charles Hull ló kọ́ ilé náà lọ́dún 1856, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Hull House. Helen Culver, tó jogún ilé náà, kò pẹ́ tó fi gbé e lé wọn lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tó yí ilé náà ká ni ará Ítálì, ará Jámánì, ará Ireland, ará Gíríìkì, àti àwọn Júù tó sá kúrò ní Rọ́ṣíà àti Pólàǹdì. Bí èèyàn ṣe ń dé ni wọ́n ń há ara wọn mọ́ yàrá. Bàbá lọ síṣẹ́, ìyá lọ síṣẹ́, ọmọ ńkọ́?

Ká má parọ́, ohun tí àwọn obìnrin méjèèjì gbé wá kọ́ ni wọ́n padà ṣe. Ìwé kíkà àti àwòrán dáadáa ni wọ́n rò pé àwọn á fi ṣe àwọn aládùúgbò lóore. Àmọ́ àwọn ìyá ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di ọmọ mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, jẹ́lé-ó-sinmi ti bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá àlejò. (Orúkọ yẹn bá a mu jù, nítorí ilé àwọn èèyàn yẹn ò sinmi rárá.)

Ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ní àbùkù ara tí wọ́n pàdé ládùúgbò náà, ìgbà tí ìyá wọn wà níbi iṣẹ́ ni gbogbo wọn fara pa. Ọ̀kan já bọ́ láti ojú fèrèsé àjà kẹta. Iná jó ìkejì. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, nítorí pé ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nílé ìdáná láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan nítòsí ló máa ń sáré wá tú u lọ́sàn-án kí àwọn méjèèjì jọ jẹun. Jane Addams tí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà tẹ̀ ni ó rí ọmọ yẹn. Ìyá ọmọ náà ò burú o. Kò rí ẹni fi ọmọ sílẹ̀ fún ni. Bí wọ́n ṣe dá ibi ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀ nìyẹn, níbi tí ìyá lè gbé ọmọ sí láàárọ̀ kó tó wọṣẹ́.

Kérésìmesì àkọ́kọ́, wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní súìtì, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó ya àwọn onílé lẹ́nu. Àṣé ilé-iṣẹ́ súìtì làwọn ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀ dé aago mẹ́sàn-án alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò fẹ́ rí i sójú mọ́. Ní ìgbà òtútù kan náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe ọmọkùnrin mẹ́ta léṣe, ọ̀kan nínú wọn kú. Ohun ìdáàbòbò tí owó rẹ̀ ò ju dọ́là díẹ̀ lọ ni kò sí lára ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbèjà àwọn òbí, wọ́n rí i pé àwọn òbí ti fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní béèrè owó kankan tí ọmọ bá fara pa nítorí àìkíyèsára.

Florence Kelley, tó wá gbé pẹ̀lú wọn, ló ṣáájú ìjà náà, lọ́dún 1893 ni Illinois sì ṣòfin pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Ta ló bínú sí òfin yìí? Àwọn òbí wà níbẹ̀. Owó ọmọ ni wọ́n fi ń san owó ilé. Jane Addams ò pè wọ́n ní òmùgọ̀, ó mọ ohun tí òfin náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Gbogbo nǹkan kọ́ ló bọ́ sí i o. Wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan tó ń ta oúnjẹ aṣaralóore ní pọ́ọ́kú. Àwọn aládùúgbò ò rà á. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè irú ọbẹ̀ tí ẹnu wọn fẹ́. Àmọ́ pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí, àwọn ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì alẹ́ fún àgbà àti ẹgbẹ́ ọmọ súkúù lẹ́yìn ìwé. Lọ́dún 1895, pàǹtí àdúgbò sú u, ni mayor bá fi í ṣe wolé-wolé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ìdọ̀tí, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ nìyí. Ọmọbìnrin ará Ítálì kan ń wá kọ́ oúnjẹ sísè ní Hull House, ìyá rẹ̀ sì ń wá ran òwú ní ibi àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ tí Jane Addams dá sílẹ̀ fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Alẹ́ kan náà ni wọ́n ń wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ lọmọ ń gbà, kí wọ́n má baà rí òun pẹ̀lú ìyá tó wé ìborùn bí ará oko. Lọ́jọ́ kan ó rí àwọn àlejò tó rọ̀gbà yí ìyá rẹ̀ ká, tí wọ́n ń yin ọwọ́ rẹ̀. Ó bi Jane Addams, ìyẹn sì sọ fún un irú ọ̀gá tí ìyá rẹ̀ jẹ́ nídìí òwú. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì ń gbà wọlé. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ní kí ẹ má fi ìró àti gèlè wá sí súkúù òun, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún 1905 ó wọ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú Chicago. Lọ́dún 1908 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń lọ pàdé àjèjì ní ibùdókọ̀ rélùwéè kí gbájú-ẹ̀ tó gbá wọn mú. Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú, àdúgbò rẹ̀ kì í ṣe tiwa nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wa ò sì pọ̀ tó. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1900, nígbà tí ìwé ìròyìn kan ń polówó pé kí wọ́n ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé Chicago, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ida B. Wells lọ. Ó kó àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn jọ, ọ̀rọ̀ náà sì parẹ́. Ó wà lára àwọn tó dá NAACP sílẹ̀ lọ́dún 1909.

Ó kọ ogun 1914 sí 1918, Amẹ́ríkà sì kórìíra rẹ̀ fún un. Lọ́dún 1931 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà, òun ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ó kú lọ́jọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1935. Cedarville ni wọ́n sin ín sí.

Ilé mẹ́tàlá ni Hull House dà kẹ́yìn. Wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ní nǹkan bí ọdún 1963 láti kọ́ yunifásítì. Ilé Hull fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mùsíọ́mù ni báyìí. Ẹgbẹ́ tó ń bá iṣẹ́ náà lọ ti ilẹ̀kùn ní oṣù kìíní ọdún 2012, owó tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ọwọ́ ìjọba ló ti ń wá.

Ó di ọjọ́ ìpàdé. Èmi á dábàá pé ká yá yàrá, kí owó rẹ̀ sì ti àpò àwa fúnra wa jáde. Àmọ́ ká tó sanwó yàrá kankan, ká kọ́kọ́ pe àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá, ká bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń ṣíwọ́ iṣẹ́, àti ohun tí ọmọ wọn ń jẹ.