Teslim Balogun, Ààrá Orí Pápá: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù Adjamé

Kò sí ẹni tí ó dé Adjamé ní ìlú Àbíjàn tí kò ní mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Anango ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, òwò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì ń ṣe jẹun. Láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn ará Ẹjìgbò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ti ń rìnrìn àjò lọ síbẹ̀, títí tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn fi di ará ibẹ̀. Àárín àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín baba àti ọmọ: baba fẹ́ kí ọmọ dúró ti ọjà tàbí kí ó ka ìwé rẹ̀ parí, ọmọ sì fẹ́ fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

A kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi pé ó ń lá àlá. Adjamé ni a dá ẹgbẹ́ Stella Club sílẹ̀ sí, ẹgbẹ́ náà ni ó sì gba ife CAF ní ọdún 1993, nígbà tí ó borí Simba ti ilẹ̀ Tàǹsáníà. Ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ọjà gbọ́ ìtàn wọ̀nyí, ó sì ń gbọ́ orúkọ àwọn tí ó ti di olówó ní Yúróòpù. Ohun tí kò gbọ́ ni pé fún ẹnì kan tí ó di olówó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń gba owó oṣù kékeré ní ẹgbẹ́ ilé, tí ẹlòmíràn kò sì rí i gbà déédéé. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọ̀dọ́ fi ìgbà èwe rẹ̀ sin iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀? Dípò tí a ó fi máa jiyàn, a rò pé ó sàn kí a gbé ìgbé-ayé ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí ó ti kú tipẹ́, tí orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́.

Teslim Balogun ni ọkùnrin náà. Ìlú Èkó ni a bí i sí, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1927. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùwòran fi sọ ọ́ ní Thunder, èyíinì ni Ààrá, nítorí pé bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù a máa ba aṣọ́lé. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Apapa Bombers, fún Marine, fún Rélùwéè, fún Pan Bank àti fún àwọn mìíràn, ó sì wà lára àwọn tí ó gba ife Challenge, tí í ṣe ife tí ó lókìkí jù lọ ní Nàìjíríà, ní ìgbà márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí nǹkan ti rí nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù nìkan jẹ́ iṣẹ́ fún ní Nàìjíríà ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò ni ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí ọ̀gá kan bá rí ọ̀dọ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, a gbà á síṣẹ́. Ọ̀dọ́ náà a máa ṣiṣẹ́ òwúrọ̀, a sì máa bọ́ sórí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Owó tí ń bọ́ ọ jẹ́ owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òkìkí ni bọ́ọ̀lù fi kún un. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, oúnjẹ kò tán nílé. Ọdún 1990 ni Nàìjíríà tó sọ líìgì rẹ̀ di ti àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ fún ní tòótọ́.

Ní ọdún 1949, a yan Balogun mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 tí Nàìjíríà rán lọ sí ìlú Ọba. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá lọ, ìlú Liverpool ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi gbá bọ́ọ̀lù lójú àwọn Òyìnbó tí ó wọ bàtà. Ìdíje mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún. Àmọ́ ẹnu ya àwọn olùwòran sí ìyára àti ọgbọ́n wọn.

Ní ọdún 1955, Balogun padà sí ìlú Ọba láti lọ fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Peterborough United ni ó kọ́kọ́ bá lọ, ẹgbẹ́ tí kò tíì wọ inú líìgì ńlá nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni Queens Park Rangers ti ìlú Lọ́ńdọ́nù gbà á fún sáà 1956 sí 1957. Ìdíje líìgì 13 ni ó gbá fún wọn, ó sì gba bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé. Ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún Holbeach United kí ó tó padà wálé. A kà á sí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lónìí yóò rò pé owó kún àpò rẹ̀ dé ẹnu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láyé ọjọ́un, òfin kò gbà kí ẹgbẹ́ kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san ju pọ́n-ùn 15 lọ́sẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kan, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ní 1957 ni wọ́n sọ ọ́ di pọ́n-ùn 17, ní 1958 ó di 20, ó sì di oṣù Kìíní ọdún 1961 kí wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa lọ. Abájọ tí Tom Finney, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fi iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ṣíṣe sílẹ̀. Baba rẹ̀ ni ó sọ pé dandan ni kí ó kọ́ iṣẹ́ náà yọrí, ọmọ náà sì gbọ́.

Bí owó bá jẹ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, a lè sọ pé ìrìn àjò Balogun kò mú èrè púpọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kò dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ iṣẹ́ pátápátá. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni bọ́ọ̀lù, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, a sì kà á mọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá ẹgbẹ́ Nàìjíríà ṣiṣẹ́ fún ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 1968 ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti ta ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Bùràsílì. Ọlọ́jọ́ dé bá a ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1972, kò sì tíì pé 50 ọdún. Pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè ní Èkó, tí a ṣí ní ọdún 2007, ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹlòmíràn wé e. Arthur Wharton, ọmọ Accra tí a bí ní ọdún 1865, ni a gbà pé ó jẹ́ ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Ó ṣọ́lé fún Preston North End, eré sísá rẹ̀ sì di ìyanu nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ eré tán, kùsà èédú ni ó gbà lọ, inú òṣì ni ó sì kú sí ní ọdún 1930. Ó di ọdún 1997 kí a tó ri òkúta sórí ibojì rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn ni ó ya àwọn méjèèjì nípá, nítorí ẹ̀bùn Wharton pọ̀. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ ẹni nígbà tí pápá bá sọ pé ó tó, ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti yà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá. Wọn yóò ní ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo, pé bí ọmọ bá fẹ́ di àgbà nínú bọ́ọ̀lù, kí ó gbájú mọ́ ọn nìkan. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí eré ìsinsìnyí ń béèrè agbára ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Elkanah Onyeali, ọmọ Nàìjíríà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Tranmere Rovers ní sáà 1960 sí 1961, ẹ̀kọ́ ni ó bá lọ sí ìlú Ọba, kò sì ṣíwọ́ gbígbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Nítorí náà, èrò wa ni pé owó kékeré kò tó láti sọ pé kí ọ̀dọ́ má gbá bọ́ọ̀lù; ó sì kéré jù láti jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù nìkan. Bí ẹgbẹ́ kan ní Àbíjàn bá fẹ́ san owó díẹ̀ fún ọmọ, kí baba béèrè ìwé àdéhùn, kí ó béèrè ẹni tí yóò wo ọmọ bí ó bá fara pa, kí ó sì béèrè wákàtí tí ọmọ yóò fi lọ sí ilé-ìwé tàbí sẹ́nu iṣẹ́. Kí ó ṣọ́ra fún àwọn tí ń pe ara wọn ní aṣojú, tí ń gba owó lọ́wọ́ òbí kí wọ́n tó mú ọmọ lọ sí òkè òkun, nítorí òfin FIFA kò fàyè gba kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn, àfi ní ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀.

Kí ọ̀dọ́ Adjamé ranti pé ọdún tí agbábọ́ọ̀lù ń lò lórí pápá kì í pọ̀, ayé sì gùn jù ú lọ. Ààrá sán lórí pápá Èkó, ó sán ní Lọ́ńdọ́nù, ó sì dákẹ́. Iṣẹ́ tí ó kọ́ kún bọ́ọ̀lù ni ó gbé e dé Mẹ́síkò nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba eré mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀, kí ó tọ gbogbo rẹ̀.