Dókítà Semmelweis: Ẹni Tí Ó Gba Abiyamọ Lọ́wọ́ Oníṣègùn

Bí obìnrin bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀mí méjì ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbẹ̀bí rẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí dunjú kì í fi dúró sí orí ìwé ẹ̀rí àkọ́gbà. Yóò tún lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì fún ọdún mélòó kan, yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, yóò sì máa kọ́ àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, irú ipò báyìí ni Ignaz Semmelweis wà nígbà tí ó rí ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò rí.

Ìlú Buda ní ilẹ̀ Họ́ńgárì ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1818. Oníṣòwò ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1837, ó lọ sí ìlú Vienna láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi yà sí ìmọ̀ ìṣègùn. Ó di dókítà ní ọdún 1844. Ní oṣù keje ọdún 1846, wọ́n fi í ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Johann Klein ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ àwọn aláboyún wò láràárọ̀ kí ọ̀gá tó dé, kí ó bójú tó ìbímọ tí ó bá le, kí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí náà pín sí méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ó ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka kìíní, àwọn agbẹ̀bí obìnrin sì wà ní ẹ̀ka kejì. Ibà abiyamọ, èyí tí í máa ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, ń pa wọ́n ní ẹ̀ka méjèèjì, ṣùgbọ́n pípa náà kò dọ́gba. Ní ọdún 1846, obìnrin 4,010 bímọ ní ẹ̀ka kìíní, 459 nínú wọn kú. Ní ẹ̀ka kejì, 3,754 bímọ, 105 ni ó kú. Àwọn aláboyún a máa kúnlẹ̀, wọn a máa sunkún pé kí wọ́n má ṣe gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka kìíní. Àwọn tí ó tilẹ̀ bímọ sí ojú ọ̀nà kí wọ́n tó dé kì í sábà kó ibà náà.

Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ búburú ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ̀ka méjèèjì ń mí. Àwọn kan ní èrò ni ó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀ka kejì ni èrò pọ̀ sí jù. Semmelweis yí bí àwọn obìnrin ṣe ń dùbúlẹ̀ bímọ padà, síbẹ̀ ikú kò dẹ́kun.

Ní oṣù kẹta ọdún 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jakob Kolletschka, kú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó ṣèèṣì fi abẹ gún un níbi tí wọ́n ti ń la òkú wò. Nígbà tí Semmelweis ka ohun tí wọ́n rí nínú ara olóògbé náà, ó rí i pé irú ohun tí ó ń pa àwọn abiyamọ ni. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa la òkú wò, wọn a sì ti ibẹ̀ lọ fi ọwọ́ yẹ aláboyún wò. Àwọn agbẹ̀bí kì í la òkú. Àṣé ọwọ́ àwọn tí ń kọ́ ìwòsàn ni ó ń gbé ikú wọlé. Kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbà pé òun náà wà lára wọn.

Ní oṣù karùn-ún, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ibi òkú bọ̀ gbọdọ̀ fi omi tí a po kílórínì mọ́ fọ ọwọ́, nítorí ọṣẹ nìkan kò tó. Ní oṣù kẹrin, bí obìnrin 18 nínú 100 ni ó kú. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, ó ti wálẹ̀ sí bí 2. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n yẹ obìnrin kan tí ó ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ wò, wọ́n sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ àwọn 12 mìíràn. 11 nínú wọn kú. Láti ìgbà náà ni ó ti fi kún òfin pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́ láàárín aláìsàn kan sí èkejì. Ní ọdún 1848, 45 péré ni ó kú nínú 3,556.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà oníṣègùn kò gbà. Wọn kò tíì mọ kòkòrò àrùn nígbà náà, kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti gbọ́ pé ọwọ́ òun ni ó ń pànìyàn. Ní ọdún 1849, wọn kò fún un ní àyè láti tẹ̀síwájú lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó padà sí Họ́ńgárì ní ọdún 1850. Ní ilé ìwòsàn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ìlú Pest, 8 péré ni ibà náà pa nínú abiyamọ 933 láàárín ọdún 1851 sí 1855.

Òun náà ní àléébù. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀. Ọdún 1861 ni ìwé rẹ̀ tó jáde. Nígbà tí wọn kò gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà tí ó fi ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní apànìyàn. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ni í yọ ọfà lápò.

Ní ọdún 1865, ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Vienna, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ sì lù ú. Egbò tí ó wà lára rẹ̀ kẹ̀, oró rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, ní ẹni ọdún 47. Irú àrùn tí ó bá jà nítorí àwọn abiyamọ ni ó pa á. Ní ọdún 1879, Louis Pasteur fi kòkòrò tí ó ń fa ibà abiyamọ han àwọn oníṣègùn. Ní ọdún 1969, wọ́n fi orúkọ Semmelweis sọ yunifásítì ìṣègùn ní Budapest.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, pàápàá iṣẹ́ tí a ń fi ara ẹlòmíràn kọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀gá nìkan ni ó lè ríran. Ẹ máa ka iye ẹni tí ó sàn àti iye ẹni tí ó kú. Bí iye náà bá sì tọ́ka sí ọwọ́ yín, ẹ má ṣe fi ọwọ́ náà pamọ́. Ẹ lọ fọ̀ ọ́.